Obìnrin Tí Kò Bẹ́ Sí Kànga

Ọjọ́ Ajé, 3 Òkúdù

Òjò kò tíì dé. Ilé gbóná bí ààrò. Àwọn ọmọ iléèwé wọlé lónìí, bàtà tuntun, ẹkún lójú ọ̀nà.

Alága lọ sí ilé ìkàwé nírọ̀lẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Alága ni mò ń pe ọkọ mi nínú ìwé yìí. Níta, Tíṣà Achuthan ni gbogbo abúlé Puthankara ń pè é. Nínú ilé mi ò kì í pè é ní nǹkan kan. “Ẹ gbọ́” ni mo máa ń sọ, ó sì máa ń gbọ́.

Ó gbé ìwé kan bọ̀. *Iyọ̀ Inú Kànga*. Ó ti gbó, eruku ti bò ó, ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní níbẹ̀ nìyẹn. Sheeja tó ń ṣọ́ àwọn ìwé ló gbé e fún un, ó ní, “Tíṣà, ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò.” Alága fọwọ́ pa ẹ̀yìn ìwé náà, ó ní òun mọ òǹkọ̀wé yẹn dáadáa. Kò rí orúkọ ẹni náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 5 Òkúdù

Kí n kọ ọ́ kedere, nítorí kò sí ibòmíràn tí mo ti lè sọ ọ́. Alága kò ríran kàwé mọ́. Ó ti lé lọ́dún méjì. Dókítà ojú ní ìlú Thrissur sọ pé iṣan inú ojú rẹ̀ ló ti kú, kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè jí i. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀. Ó ń rí òjìji ènìyàn àti aṣọ funfun. Ìwé, rárá.

Inú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa bọ̀ lọ́jọ́ náà ló ti mú mi búra pé mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò tíì sọ. Ohun kan ṣoṣo tó fi ń jẹ́ ènìyàn ní abúlé yìí ni ìwé. A ò bímọ. A ò ní oko rọ́bà bí àwọn ará òkè odò. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa ya ìwé tí kò ní yà sí bàráńdà wa, pé, “Tíṣà, kí ni kí n kà?” Á gbé àgbọ̀n sókè, á dárúkọ ìwé, ẹni náà á sì lọ tayọ̀tayọ̀. Bí wọ́n bá gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ọkùnrin tó kàn jókòó ló kù.

Nítorí náà, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹ̀yìn ilé ìdáná là ń lọ, níbi tí ará ọ̀nà kò ti lè rí wa. Mo máa ń jókòó lórí àpótí ìjókòó tí mo fi ń rin àgbọn, màá gbé ìwé lé orúnkún, màá kà. Òun á dijú. Bí ẹsẹ̀ bá dún níwájú ilé, ìwé á ti dé itan rẹ̀. Nígbà kan ó gbé e sódì, mo sì sáré yí i padà bí ẹni tó ń lé eṣinṣin.

Ohun tí mo bá sọ lẹ́yìn ilé ìdáná ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé ilé ìkàwé. Lọ́dún tó kọjá mo sọ pé ìwé kan dà bí ilé oníyàrá púpọ̀ tí kò ní ilẹ̀kùn. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún yàrá tí kò ní ilẹ̀kùn. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Òkúdù

Òjò dé.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Òkúdù

Sheeja gbé àpò ìwé dé. Òun ló máa ń gbé ìwé kiri ojúlé fún àwọn obìnrin tí kò ráyè rìn dé ilé ìkàwé. Agboòrùn lọ́wọ́ kan, àpò léjìká, ẹrẹ̀ dé orúnkún. Gbogbo ìgbà tó bá wá ló ń bi mí pé ìgbà wo ni màá forúkọ sílẹ̀. Gbogbo ìgbà ni mo ń sọ pé orúkọ kan tó fún ilé kan. Ọ̀rọ̀ Alága nìyẹn, mo kàn yá a ni.

Ó ṣí ìwé kan tí Alága ti dá padà tẹ́lẹ̀. Ó wo àmì ìka níbẹ̀, pupa rẹ́súrẹ́sú. Ó ní, “Màmá, ṣé Tíṣà ti ń lọ atalẹ̀ pupa ni?” Mo ní ó máa ń kàwé nídìí oúnjẹ. Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn.

Ó ní ìyá kan wà létí odò tí ọkọ rẹ̀ kú lóṣù tó kọjá, ìwé tí òun gbé fún un, ojú ewé kẹta ló ti dá a padà. Kí n tó ronú, ẹnu mi ti ṣí: “Ìwé ẹkún lo gbé fún un, àbí? Ẹkún ti wà nílé rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbé *Ìrìn Àjò Aránṣọ* fún un. Ẹni tó ń rìn kiri, tó ń jẹun nílé ẹlòmíì, tí ò kú, irú wọn ló lè bá a jókòó.” Sheeja tẹjú mọ́ mi. Mo bá ní, “Tíṣà ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Òkúdù

*Iyọ̀ Inú Kànga* dùn. Obìnrin kan ń bẹ níbẹ̀, Madhavi, ọkọ rẹ̀ bá ọkọ̀ òkun lọ, kò sì padà. Òkun wọlé lọ́dún kan, kànga ilé di oníyọ̀. Gbogbo àdúgbò ní òun ló sọ omi di iyọ̀, torí omijé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sunkún rí látojú ewé kìn-ín-ní. Òǹkọ̀wé náà ò pariwo. Ó kàn ń fa omi sókè, ó ń tọ́ ọ wò, ó ń dà á nù.

Mo ń kánjú fọ abọ́ kí a lè tètè jókòó. Alága ti máa ń wà níbẹ̀ kí n tó dé, á ti nu àpótí fún mi. A ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ láwa méjèèjì, ṣùgbọ́n nídìí ìwé, ó máa ń sọ pé “dúró,” “tún un kà,” “ẹ̀n-ẹ́n.” Ìdùnnú mi nìyẹn lójoojúmọ́. Mi ò ní pè é ní nǹkan mìíràn.

Ọjọ́bọ̀, 13 Òkúdù

Mo ka ìparí sílẹ̀ kí Alága tó jí. Mi ò kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Obìnrin náà bẹ́ sí kànga.

Inú bí mi débi pé ìrẹsì jóná. Ọjọ́ orí mi ti ju ọgọ́ta lọ, mo sì ti ń kàwé láti kékeré. Obìnrin tó wà nínú kànga àwọn òǹkọ̀wé wa ti pọ̀ ju omi lọ. Bí wọn ò bá ti mọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí, kànga ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Òkúdù

Mo ka ìparí fún un. Mo ń ka ohun tó wà nílẹ̀ bọ̀. Obìnrin náà jí láàárọ̀, ó lọ sídìí kànga, ó sọ garawa sílẹ̀, ó gbọ́ ọ tó kan omi. Mo bá gbé ojú kúrò lórí ìwé. Ẹnu mi ń lọ, kò dúró. Mo ní ó fa garawa sókè. Ó fi omi iyọ̀ náà fọ ẹsẹ̀, ọ̀kan tán kó tó fọ èkejì. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ẹ̀ka igi níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ dé. Awakọ̀ ní, “Níbo?” Ó ní, “Ẹ ṣáà máa lọ.” Ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, kò sì wẹ̀yìn.

Mo pa ìwé dé. Nígbà tó yá, Alága fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú. Ojú náà tí kò ríran. Ó ní, “Ìwé rèé.”

Ó yẹ kí n sọ fún un níbẹ̀. Inú mi dùn jù.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Òkúdù

Wọ́n ti kéde ètò ọ̀sẹ̀ ìwé kíkà. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni Alága máa sọ̀rọ̀ lórí ìwé tó fẹ́ kí gbogbo abúlé kà lọ́dún yìí. *Iyọ̀ Inú Kànga* ló mú.

Bí a ṣe ń ṣe é ni pé ẹnì kan á gbé ìwé kalẹ̀, ẹlòmíràn á dìde dá a lóhùn. Pailee ni wọ́n yàn láti dá Alága lóhùn. Òṣìṣẹ́ báńkì ni tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì. “Ẹ̀rí” lorúkọ tí mo fún un, torí kò sí ohun tí o máa sọ fún un tí kò ní bi ọ́ pé ojú ewé wo ló wà. Ó ti pẹ́ tí òun àti Alága ti ń fi ìwé na ara wọn. Ṣùgbọ́n ìwé kan ṣoṣo tó wà, ọwọ́ wa ló wà. Kò lè kà á. Mo sùn dáadáa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Òkúdù

Mi ò sùn dáadáa mọ́. Ẹyin lohùn. Mo pinnu pé màá sọ fún un lónìí. Mo dúró kó jẹun tán. Mo ní, “Ẹ gbọ́. Ìparí ìwé yẹn.”

Kò jẹ́ kí n parí ẹ̀. Ó ní, “Mo mọ̀ pé kò yé ẹ. Ìwọ lo fẹnu ara ẹ kà á, o kàn ń kà á lọ wuruwuru bí ẹni ń ka iye ẹja lọ́jà. Ó gba ọkùnrin tí inú ẹ̀ jìn kó tó lè parí ìwé báyẹn. Bọ́ọ̀sì! Ta ló máa ronú kan bọ́ọ̀sì?”

Mo ní, “Ta ni lóòótọ́.”

Mo lọ bó pákí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bó ìka mi mọ́ ọn.

Ọjọ́rú, 19 Òkúdù

Ọjọ́ Ìwé Kíkà. Àwọn ọmọ iléèwé tò kọjá nínú òjò, wọ́n ń kọrin, inki ara pátákó wọn ń ṣàn sí wọn lápá. Alága dúró ní bàráńdà, ó ń juwọ́ sí gbogbo wọn. Wọ́n pè é ní Tíṣà, orin dáwọ́ dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́sàn-án ó ní kí n tún ìparí kà. Ó di dandan kí n rántí ọ̀rọ̀ ara mi. Nígbà tí mo dé ibi kọ́kọ́rọ́, ó dá mi dúró: “O fo ibì kan. Ó kọ́kọ́ fọ ẹsẹ̀.” Òótọ́ ni, mo fò ó. Ó ti há gbogbo rẹ̀ sórí.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Òkúdù

Sheeja kọjá. Ó ní Pailee ń yọ̀. Pailee sọ pé ìgbà ọ̀dọ́ òun ni ìtàn yẹn jáde nínú ìwé ìròyìn ọlọ́sẹ̀, kó tó di pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìwé. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń gé e, ó sì ń fi òwú rán wọn pọ̀. Pailee náà kà á tán.

Inú ẹrẹ̀ ni Sheeja dúró sí, tó ń rẹ́rìn-ín, pé ìpàdé yìí máa dùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Òkúdù

Mo ní kí Alága mú ìwé mìíràn. Mo ní Pailee ti ka eléyìí. Ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá sọ̀rọ̀.” Mo ní ìparí náà nìkan, kó fi í sílẹ̀. Ó ní ìparí náà gan-an ni òun ń lọ sọ.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ tíì pé ogún ọjọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìgbéraga ló pa mí lẹ́nu mọ́. Lónìí, ẹ̀rù ni. Bí mo bá sọ fún un, á mọ̀ pé ohun kan ṣoṣo tó kù fún òun, mo ti fi ọwọ́ bà á jẹ́. Bí mi ò bá sọ fún un, gbogbo abúlé á mọ̀ lọ́la. Mo bá a lọ aṣọ rẹ̀. Mo so òwú kékeré mọ́ èèpo ìwé kó lè mọ iwájú.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Òkúdù

Ilé ìkàwé kún. Òjò ń lu páànù. Àwa obìnrin wà lẹ́yìn, Sheeja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Alága dìde. Kí n má purọ́, ó sọ ọ́ dáa ju bí mo ṣe kà á lọ. Ó ń fa omi sókè, ó ń tọ́ ọ wò, ó ń dà á nù. Kò sí ẹni tó húkọ́.

Ó dé ìparí. Ó ní, “Ẹ̀yin ará, ẹ ronú sí iye obìnrin tí a ti rì sómi nínú ìwé wa. Ẹni yìí fa garawa rẹ̀ sókè, ó fọ ẹsẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ lọ kà á. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin yín kà á.” Obìnrin kan níwájú mi fi etí aṣọ sárì rẹ̀ bojú.

Pailee dìde. Ó ní, “Tíṣà, ọ̀wọ̀ yín ń bẹ lára mi. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn bẹ́ sí kànga. Mo kà á. Ìyá mi kà á.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan kígbe látẹ̀yìn pé, “Bóyá ó gun òkè jáde, ó wá wọ bọ́ọ̀sì!” Ilé bú sẹ́rìn-ín.

Alága ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Pailee, o ti gbàgbé.”

Pailee ní, “Kò dìjà. Ìwé ṣáà nìyẹn lọ́wọ́ yín. Ẹ ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn, ẹ kà á sí wa létí.”

Mo dìde, mo tún jókòó. Alága ṣí ìwé. Àárín ló ṣí i sí. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà: garawa, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì, kọ́kọ́rọ́ lára ẹ̀ka igi. Ọ̀rọ̀ mi, kò fo ọ̀kan. Ó tilẹ̀ ṣí ojú ewé kan níbi tó rò pé ó yẹ.

Pailee ti rìn dé ẹ̀yìn rẹ̀ láti bá a wò ó. Mo rí i tó wo ìwé náà. Ó wo ojú Alága, ó pẹ́ lórí ẹ̀. Ó wá gbójú sókè, ó wá mi kàn láàárín gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀. Mo ronú pé ó ti parí nìyí.

Alága kà á dópin: “Níbo?” “Ẹ ṣáà máa lọ.” Ó pa ìwé dé.

Pailee ní, “Ẹ forí jì mí, Tíṣà. Ìwé mìíràn ni mo fi ṣì í mú. Ọjọ́ ogbó.” Ó padà lọ jókòó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí.

Lójú ọ̀nà ilé, mo di agboòrùn mú, Alága di apá mi mú. Ó ní, “Pailee kì í ṣi ìwé mú.” Ó ní, “Kí ló wà níbẹ̀?”

Mo ní, “Kànga.”

“Bọ́ọ̀sì ńkọ́?”

“Èmi ni.”

Ó tú ọwọ́ kúrò lápá mi. Ó fi ọ̀pá wá ògiri, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ nínú òjò. Mo ń tẹ̀ lé e. Mi ò sún mọ́ ọn.

Ọjọ́ Ajé, 24 Òkúdù

Kò sọ̀rọ̀. Kò jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Òkúdù

Kò lọ sí ilé ìkàwé. Wọ́n wá béèrè rẹ̀, mo ní ibà ni. Lọ́sàn-án, mo jókòó sórí àpótí ìrin àgbọn lẹ́yìn ilé. Àyè rẹ̀ ṣófo. Mo rin àgbọn ju èyí tí ọbẹ̀ nílò lọ.

Sheeja ní ènìyàn mọ́kànlá ló ti ń tòrò *Iyọ̀ Inú Kànga*, pé ìgbà wo la máa dá a padà.

Ọjọ́bọ̀, 27 Òkúdù

Pailee wá. Kò gba iwájú wọlé. Ẹ̀yìn ló gbà, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, omi ń kán lára agboòrùn rẹ̀. Mo ń gé ẹja. Mo ní Tíṣà wà ní yàrá. Ó ní òun ò wá rí Tíṣà.

Ó ní, “Ibi tó ṣí lọ́jọ́ yẹn, ìgbéyàwó ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n ń jó, ó ń ka bọ́ọ̀sì.” Ohùn rẹ̀ fẹ́ di ẹ̀rín, ṣùgbọ́n kò di ẹ̀rín. “Láti ìgbà wo?”

Mo ní ọdún méjì.

Ó ní, “Gbogbo ohun tó fi lù mí láti ọdún méjì yẹn.” Ó ń wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ẹni tó ti ń nà án. Ó wá ní ìyá òun sunkún nítorí kànga yẹn lọ́dún náà lọ́hùn-ún, ó sunkún títí ẹnikẹ́ni ò fi lè bá a sọ̀rọ̀. “Ì bá dáa ká ní ó gbọ́ ti bọ́ọ̀sì.”

Mo ń gé ẹja mi.

Ó ṣí agboòrùn bí ẹni tó fẹ́ lọ. Ó yí padà. Ó ní, “Ó dáa. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kí ni kí n kà?”

Kò sẹ́ni tó béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi rí. Mo sọ fún un. Mo sọ fún un pẹ́. Ẹja ti ń rùn lọ́wọ́ mi, mo ṣì ń sọ. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé ìdáná àti yàrá Alága, ògiri náà ò sì nípọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Òkúdù

Òjò dá. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán mo lọ sẹ́yìn ilé bí ìṣe. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti iwájú ilé: “Vilasini.” Kò pe orúkọ mi láti ọjọ́ Àìkú. Ká má tan ara wa, kì í sábà pè é tẹ́lẹ̀.

Ó jókòó ní bàráńdà. Ó ti fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, kò tọ́ dáadáa, ẹsẹ̀ àga náà kan wà nínú kòtò. Ó ní, “Gbé àpótí ẹ wá síbí.”

Mo ní ọjà ti ń tú, àwọn ènìyàn ń kọjá, wọ́n á rí wa.

Ó ní, “Kí wọ́n rí wa.”

Mo gbé e jáde. Àpótí, àgbọn, abọ́, ìwé. Àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń bọ̀ láti ọjà dẹsẹ̀ dúró, wọ́n wò wá, wọ́n kí wa. Ó kí wọn padà. Ó dúró títí ẹsẹ̀ wọn fi jìnnà.

Ó ní, “Bọ́ọ̀sì yẹn. Níbo ló gbé e lọ?”

Mo ní mi ò mọ̀.

“Báwo lo ṣe máa ní o ò mọ̀? Àbí èmi ni mo gbé e wọ ọkọ̀ ni?”

Mo ní kó jẹ́ kí n rin àgbọn tán. Ó ní òun ń dúró.